Àwọn Erékùṣù Ẹ̀yìnkùlé Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní ìlú Ọ̀jọ́)

  Ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ fi rán wa sí yín lónìí kò ṣòro láti sọ, ṣùgbọ́n apá kan nínú rẹ̀ lè ṣòro láti gbọ́, nítorí pé ó kan gbogbo wa, àwa tí a ń sọ ọ́ pẹ̀lú.

Ní ìpàdé wa tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé fi àwòrán hàn wá. Erékùṣù kan ni: iyanrìn funfun, igi àgbọn tí ó tẹ̀ sórí omi, àti àwọn òyìnbó tí wọ́n nà gbalaja sínú oòrùn. Ó sọ iye owó tí ó san kí ó tó dé ibẹ̀, gbogbo ilé sì pa lọ́lọ́. Nígbà náà ni àgbà kan béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé àgbọn ibẹ̀ ga ju ti Ìrewe lọ ni?" A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí akọ̀wé ní kí ẹni tí ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ Ìrewe rí na ọwọ́ sókè, ọwọ́ tí ó gòkè kò pé mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni àwa tí a jókòó nínú gbọ̀ngàn náà lé ní ọgọ́rùn-ún. Nínú wa ni a ti rí ẹni tí a bí ní Ọ̀jọ́ yìí, tí ó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi láti orí ibùsùn rẹ̀ ní òròòwúrọ̀, tí kò sì tíì la omi náà kọjá láti ọjọ́ tí ó ti dáyé. Èyí ni ẹgbẹ́ rí tí wọ́n fi ní kí àwa díẹ̀ lọ, kí a wò, kí a sì padà wá ròyìn.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ bí ilẹ̀ náà ti rí, nítorí pé ẹni tí ó bá ń gba títì Àgbádárìgì lójoojúmọ́ lè rò pé títì náà ni gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé títì yìí kì í ṣe ohun àtijọ́. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni a ṣe é. Kí ó tó dé, omi ni títì wa. Omi tí a ń wí yìí ti ọ̀sà Èkó wá, ó gba iwájú Ọ̀jọ́ kọjá, ó dé Àgbádárìgì, ó sì lọ wọ ọ̀sà Àjàṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Ẹni tí ó bá wà nínú ọkọ̀ lè ti Èkó dé Àjàṣẹ́ láìfi ojú kan ìgbì òkun. Láàárín omi yìí àti òkun ńlá ni ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tẹ́ sí bí ọ̀já, ó gùn lọ títí. Nínú omi náà fúnra rẹ̀ ni àwọn erékùṣù kéékèèké wà. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà òkun Èkó, a ó rí Tarkwa Bay, Igbólógun tí a ń pè ní Snake Island, Sàgbókójì, Ìrèdè, Ìbẹ̀ṣẹ̀, Ìlàṣẹ, a ó rí Ìrewe ní ìhà ti Ọ̀jọ́, títí a ó fi dé Tọ́pọ̀ àti Gberefu ní Àgbádárìgì. Àwọn Àwórì àti àwọn Ẹ̀gùn ni ó ń gbé wọn láti ìgbà pípẹ́, àwọn Ìlàjẹ apẹja sì wà láàárín wọn.

Iyanrìn náà pẹ̀lú ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1908 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí fi òkúta ńláńlá mọ odi sínú òkun ní ẹnu ọ̀nà Èkó, kí ọkọ̀ ńlá baà lè rí ọ̀nà wọlé. Òkun wa a máa gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn. Nígbà tí odi dá a dúró, iyanrìn bẹ̀rẹ̀ sí kó jọ sí ìhà ti ìwọ̀-oòrùn, ní ẹ̀gbẹ́ ilé iná atọ́kọ̀sọ́nà, etíkun ibẹ̀ sì ń fẹ̀ sí i. Ìhà kejì tí iyanrìn kò dé mọ́ ni òkun ń jẹ, bí gbogbo wa ti mọ̀ nípa etíkun Victoria tí ó jẹ ìjọba ní owó rẹpẹtẹ. Ohun tí ó ya ẹnì kan lára ni ó fẹ̀ sí ìhà ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ Sátidé kan ní ìgbà ọyẹ́ ni a gbéra láti Èbúté Ọ̀jọ́. Ọkọ̀ onígi gígùn ni, tí a so ẹ̀rọ mọ́ nídìí. A rò pé àwa àlejò ni ọkọ̀ náà yóò gbé. Ìgbà tí a wọ inú rẹ̀ ni a rí i pé àwa ni ẹrù tí ó kéré jù. Àpò gààrí wà níbẹ̀, àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà, páànù ìborílé, yìnyín tí a fi àpò ọ̀rá wé fún ẹja, ewúrẹ́ kan tí kò fẹ́ràn omi, àti ìyá ọlọ́mọ kan tí ó gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ní òru tí ó sì ń padà sílé. Gbogbo búlọ́ọ̀kù tí ó wà lára ilé ìwé kan ní erékùṣù, inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó gbà dé ibẹ̀. Àwa tí a ń ráhùn lórí gọ́tà iwájú ilé wa, ẹ jẹ́ kí a máa rántí èyí.

Ní àárín omi, ẹ̀rọ dákẹ́. Koríko ni ó wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, koríko aláwọ̀ ewé tí ó ní òdòdó aláró tí ó rẹwà lójú tí ó sì burú níwà. Ní ọdún 1984 ni a kọ́kọ́ rí i nínú omi Àgbádárìgì, tí ó ń ti ìhà Àjàṣẹ́ léfòó bọ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn apẹja kò ti sinmi. Atukọ̀ mú ọ̀bẹ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gé e, àwa sì jókòó jẹ́ẹ́ bí ọmọ ilé ìwé. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni a ti gbọ́ ohun tí a kò gbọ́ rí ní Òkokomáíkò: a kò gbọ́ ohunkóhun. Kò sí fèrè ọkọ̀, kò sí ẹlẹ́rọ agbóhùnsókè, kò sí ẹni tí ń pe èrò. Ẹyẹ funfun kan dúró lórí òpó ìpẹja, ó ń wò wá. Bí a bá wẹ̀yìn, a ń rí òrùlé Ọ̀jọ́ nínú ọyẹ́. A kò tíì rìn jìnnà rárá, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé a ti rin ìrìn ọjọ́ mẹ́ta.

Ní Ìrewe, a kọ́kọ́ lọ kí àwọn àgbà ìlú, nítorí pé ẹni tí ó bá wọ ilé láìkí onílé, olè ni wọ́n ń pè é. Wọ́n fún wa ní omi àgbọn, wọ́n sì gbé ẹja tútù síwájú wa pẹ̀lú ẹ̀bà. A kò ní ṣe àsọdùn nípa oúnjẹ náà níwájú àwọn ìyàwó wa tí ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ tún gbé wa lọ sí ìlà iyanrìn. A gba abẹ́ àgbọn kọjá, a sì gbọ́ òkun kí a tó rí i. Fún nǹkan bí wákàtí kan tí a fi rìn ní etí omi, ènìyàn mẹ́ta péré ni a pàdé, àjà kan ṣìkẹrin wọn.

Níkẹyìn a bá àwọn apẹja tí ń fa àwọ̀n. Ẹ̀yin tí ó mọ̀ ọ́n, ẹ foríjì wá bí a ti ń ṣàlàyé: ọkọ̀ kan a ti gbé àwọ̀n gígùn náà yí omi ká, a ó sì mú okùn méjèèjì wá sí èbúté; ọwọ́ ènìyàn méjì, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, a máa fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé, wọ́n ó sì máa sún mọ́ ara wọn títí wọn yóò fi pàdé. Orin ni ó ń darí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní kí àwa náà wá bá wọn fà. Ọ̀kan nínú wa tí ó jẹ́ agbẹjọ́rò fi ìgbéraga mú okùn. Kò pẹ́ tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi bó. Ṣawa ni ó pọ̀ nínú àwọ̀n náà. Wọ́n pín in lójú wa: ti ọlọ́kọ̀, ti aláwọ̀n, ti àwọn afàwọ̀n, wọ́n sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún agbẹjọ́rò nítorí ẹ̀jẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní nínú gbogbo owó iṣẹ́ tí òun ti gbà rí, kò sí èyí tí ó dùn mọ́ òun tó ẹ̀kúnwọ́ ẹja yẹn.

Ìyá àgbà kan ń tẹ́ ẹja sórí ààrò ní ẹ̀gbẹ́ wa. A bi í bóyá àwọn àlejò máa ń wá. Ó ní wọ́n ń wá, pàápàá ní ìgbà ọdún. A ní, "Ìyá, ṣé wọ́n ń ṣe dáadáa sí yín?" Ó dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn pé, "Òkun ni wọ́n ń wò, ọmọ mi. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń kọ sí wa." A ó tún padà sí ọ̀rọ̀ ìyá yìí.

Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀ ìtàn díẹ̀, nítorí pé àwọn kan rò pé ibi tí ó dákẹ́ kò ní ìtàn. Ní ìgbà tí kò tíì sí títì, omi yìí ni ó so Èkó pọ̀ mọ́ Àgbádárìgì, Àgbádárìgì sì ni àwọn ọba Èkó sá sí nígbà tí ìlú bá gbóná. Ọba Adélé kúrò lórí ìtẹ́ Èkó ní nǹkan bí ọdún 1821, Àgbádárìgì ni ó wà títí ó fi padà wá jọba lẹ́ẹ̀kejì ní 1835. Òun ni ó gba Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John ní àlejò ní ọdún 1830, nígbà tí wọ́n ń lọ wá ibi tí Odò Ọya ti ń wọ òkun. Lander yìí ti rí Àgbádárìgì ṣáájú. Ní 1827, nígbà tí ó ń padà bọ̀ láti ìrìn àjò tí ọ̀gá rẹ̀ Clapperton kú sí, àwọn Potogí tí ń ta ẹrú níbẹ̀ fi ẹ̀sùn amí kàn án. Wọ́n fún un ní omi májèlé ìbúra, ó mu ún níwájú gbogbo ìlú, ó rìn lọ sí ilé, ó mu omi gbígbóná láti fi bì í, ó sì yè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Ọba Akíntóyè: nígbà tí Kòsọ́kọ́ gba ìtẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1845, ó lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì ti ibẹ̀ lọ jókòó sí Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni ó ti bá àwọn òyìnbó ṣe àdéhùn tí ìbọn ọkọ̀ ogun wọn fi dún sí Èkó ní oṣù kejìlá ọdún 1851. Àwa Èkó tí a ń sọ̀rọ̀ Akíntóyè àti Kòsọ́kọ́ títí ilẹ̀ fi ń mọ́, mélòó nínú wa ni ó ti wo omi tí ọ̀rọ̀ náà gbà kọjá?

Ọjọ́ mìíràn ni a lọ sí Àgbádárìgì, títì ni a sì gbà, àánú ara wa sì ṣe wá kí a tó dé. Àwọn ohun tí ó wà nínú ìlú náà, ọ̀pọ̀ yín ti rí i tàbí ti kà nípa rẹ̀: ibi tí igi Àgíà dúró sí, níbi tí Thomas Birch Freeman ti wàásù ní 1842, igi tí ó wó lulẹ̀ ní 1959, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn ìjọ C.M.S. ti 1845, ilé ẹrú ti Sẹ̀ríkí Abass, ẹni tí a tà ní ọmọdé lọ sí Bràsíl, tí ó padà wá, tí òun náà sì di olùtajà ènìyàn. Ní oṣù kìíní 1845 ni Àjàyí Crowther gúnlẹ̀ sí ìlú yìí pẹ̀lú Townsend àti Gollmer, wọ́n sì dúró níbẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan àti ààbọ̀ nítorí pé ọ̀nà Abẹ́òkúta dí. Ìgbà tí ọ̀nà là ni ó dé Abẹ́òkúta, tí ó sì rí ìyá rẹ̀ tí ogun ti yà wọ́n láti ọdún 1821. Nínú ọ̀rọ̀ yìí a kò ní pẹ́.

Gberefu ni ó yẹ kí a sọ. Erékùṣù ni, ní òdìkejì omi Àgbádárìgì. Ọkọ̀ a máa gbé ènìyàn dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ ni. Ọ̀nà iyanrìn náà gùn tó nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí, oòrùn sì ń pa ènìyàn. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni kànga kan wà tí wọ́n sọ pé wọ́n ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọn baà lè gbàgbé ilé. Ní òpin rẹ̀ ni òkun wà. A mọ òpó méjì tí ó fẹ̀gbẹ́ sí ara wọn síbẹ̀, àárín wọn ṣófo, omi sì ni a ń rí láàárín wọn. Ibi Àlọ-ìdé ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ kò sọ ọ̀rọ̀ kankan títí a fi padà dé ọkọ̀.

Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni a fẹ́ kí ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé fetí sílẹ̀. Àwọn afinimọ̀nà a máa ka iye ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrú tí ó gba ọ̀nà náà kọjá lóṣooṣù, iye náà sì ń yàtọ̀ láti ẹnu ẹnì kan sí ẹnu ẹlòmíràn. Wọ́n a tún sọ pé láti ọdún 1502 ni ọjà ẹrú Vlẹ́kẹ́tẹ̀ ti wà. Àwọn òpìtàn tí ó wá inú ìwé àwọn oníṣòwò ìgbà náà sọ pé láàárín ọdún 1730 sí 1740 ni Àgbádárìgì di èbúté ẹrú, lẹ́yìn tí ogun Dàhòmì ti da àwọn èbúté ìwọ̀-oòrùn rú, àti pé ọ̀gbẹ́ni Dọ́ọ̀ṣì kan, Hertogh, wà lára àwọn tí ó kó òwò náà wá. Àwa kò sọ èyí láti bu ìlú náà kù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ burú tó láìfi ohunkóhun kún un, ẹni tí ó bá sì bù mọ́ ọn ń fún àwọn tí kò fẹ́ gbà wá gbọ́ ní ohun ìjà. Bí a ó bá mú àlejò lọ, kí a mú wọn lọ pẹ̀lú òótọ́.

Tọ́pọ̀ wà nítòsí ibẹ̀. Ní 1876 ni àwọn Fadá ìjọ Àgùdà dá oko sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n gbin àgbọn, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àyè kí ó yà síbẹ̀. Bí ẹ bá sì pẹ́ di alẹ́ ní Àgbádárìgì, bóyá ẹ ó rí Zangbeto, ẹ̀ṣọ́ òru àwọn Ẹ̀gùn, tí ó ń yí bí òkìtì koríko tí ìjì gbé. Ẹ má sún mọ́ ọn jù.

Ìdí wo ni a fi ń sọ gbogbo èyí? Àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà ní erékùṣù kékeré kan tí ń jẹ́ Gorée, ọkọ̀ a máa dé ibẹ̀ láti Dakar ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Kò tóbi tó ọgbà Yunifásítì wa ní Ọ̀jọ́ yìí ní ìlọ́po mélòó kan. Láti ọdún 1978 ni àjọ UNESCO ti kọ ọ́ sínú ìwé àwọn ibi tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú, àwọn olórí orílẹ̀-èdè ńláńlá sì ti dúró ní ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Nítòsí wa, lórí adágún Nokoué ní Bẹ̀nẹ̀, àwọn ará Ganvié tí àwọn baba wọn kọ́lé sórí òpó nínú omi láti sá fún àwọn akónilẹ́rú ń gba àlejò láti gbogbo ayé, àwọn ọmọ ìlú sì ni ó ń tu ọkọ̀. Nàìjíríà ní ibi méjì nínú ìwé UNESCO náà, Sukur ní 1999 àti Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ní 2005. Etíkun wa kò ní ẹyọ kan.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ní erékùṣù kan tí a kò ní dárúkọ rẹ̀, atukọ̀ ń mú wa gba ọ̀nà ẹsẹ̀ kan láti èbúté ọ̀sà lọ sí etí òkun. Lójijì ni a kan odi. Odi tuntun ni, ó ga ju ènìyàn lọ, wọ́n fi ìgò fífọ́ sí orí rẹ̀. Atukọ̀ dúró. Ó ní ọ̀nà náà ni àwọn obìnrin ìlú fi ń gbé ẹja láti etí òkun wá sí ọ̀sà láti ìgbà tí òun ti gbọ́n, àti pé nísinsìnyí wọ́n ń yí po. A bi í pé ta ni ó ta ilẹ̀ náà. Ó wo fìlà tí ó wà lórí wa, ó wo ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọ̀kan nínú wa, ó ní òun kò mọ̀.

A kò wá bá ẹnikẹ́ni jà. Àwa mọ̀ pé Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ sí ọwọ́ Gómìnà, àti pé ìwé ní í fi ìdí onílẹ̀ múlẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n àwa náà mọ̀ pé kí ìwé tó dé, ẹnìkan ti ní láti tọ́ka pé, "Láti ibí dé ọ̀hún". Ìka tí ó sì ń tọ́ka kì í ṣe ìka òyìnbó. Nígbà tí ọmọ wa bá fẹ́ lọ wo òkun ní ọdún mẹ́wàá òní, ṣé ẹnu ọ̀nà ọlọ́gbà ni yóò ti san owó kí ó tó rí omi tí àwọn baba rẹ̀ ń pẹja nínú rẹ̀? Ẹ rántí Tarkwa Bay. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kúrò ní ibùgbé wọn níbẹ̀, wọ́n ní àwọn kan ń jí epo láti inú ọ̀pá tí ó gba ibẹ̀ kọjá. A kò sọ pé olè kò sí níbẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ó rọrùn láti lé àwọn tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àwa ọlọ́lá Èkó ti ń bẹ̀ wọ́n wò, tí a mọ orúkọ ọmọ wọn, tí a ti jẹ ẹja wọn, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan nínú wa ti dìde sọ̀rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Èyí ni ìyá àgbà ní Ìrewe fi ń sọ pé ẹ̀yìn ni a kọ sí wọn.

Àsìkò kò sì dúró. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ aró ti ń gbé èrò láti Marina dé Mile 2 láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Òkokomáíkò ni a pète pé kí ó parí sí. Ní ọjọ́ tí ó bá dé, ẹni tí ó jí ní Èkó yóò lè wà ní Èbúté Ọ̀jọ́ kí oòrùn tó mú. Àlejò yóò pọ̀, bí a fẹ́ tàbí a kọ̀, àwọn tí ó sì fẹ́ ra etíkun mọ èyí ṣáájú wa.

Nítorí náà ohun mẹ́ta ni ẹgbẹ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ẹ̀yin Orí Adé àti Ìjòyè. Kí olórí ìlú kọ̀ọ̀kan tí ilẹ̀ rẹ̀ kan omi jẹ́ kí a kọ àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ tí ó lọ sí etí òkun sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ wọn, kí àwọn àgbà tí ó mọ̀ wọ́n tó kú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì wá ra ilẹ̀, kí ọ̀nà náà má ṣe wà nínú ohun tí a tà. Kí a bẹ àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó ti wà láàárín wa láti 1983, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn wọn wá gba ìtàn ìlú àwọn erékùṣù wọ̀nyí sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ń gbé ibẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹ̀yin fúnra yín lọ. Ọba tí ó bá ti fa àwọ̀n rí kò ní tètè fọwọ́ sí odi.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, kí ó mọ nǹkan díẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni ó dára jù, láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì. Ní ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ gidigidi, ìjì a máa dìde lórí ọ̀sà láìkìlọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ọkọ̀ láìwọ ẹ̀wù ààbò tí ń gbé ènìyàn léfòó. Àwa rí ọkọ̀ tí ẹ̀wù náà wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ṣe ìrọ̀rí, a sì bá wọn wí. Kí a padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Etí òkun dára fún ìrìn àti fún ìjókòó, ṣùgbọ́n omi rẹ̀ kì í ṣe ibi ìwẹ̀, nítorí pé ó ní agbára tí ń fa ẹsẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kì í sì í bọ̀wọ̀ fún oyè. Kí a kí onílé kí a tó tẹ́ ẹní. Kí a ra ẹja lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ó yan án, kí a má sì ná an bí ẹni ná ọjà Alábà.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé ìpàdé wa tí ń bọ̀, ọkọ̀ méjì yóò dúró ní Èbúté Ọ̀jọ́ ní agogo méje òwúrọ̀ fún ìrìn àjò sí Ìrewe. Ogójì ènìyàn ni àyè wà fún. Kí ẹni tí yóò bá wa lọ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ó tó jáde kúrò nínú gbọ̀ngàn yìí, kí ó sì wọ fìlà tí afẹ́fẹ́ kò lè gbé. Ti ọ̀kan nínú wa ṣì wà lójú omi níbẹ̀.